Ajá Tó Sanra Nílé Olùkọ́ Oúnjẹ

Ajá ló kọ́kọ́ tú àṣírí náà, àmọ́ kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè ajá. Díákónì ni wọ́n ń pè é, nítorí pé kì í sí nítòsí nígbà iṣẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ń gbàdúrà sí oúnjẹ báyìí, iwájú ló máa jókòó sí. Ajá ọdẹ ni, ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín, tó ti lé ọ̀kẹ́rẹ́ gun gbogbo igi tó wà ní àfonífojì Lick Fork. Kí ọdún kan tó yí po, ó ti tóbi débi pé kò lè wọ abẹ́ fàràndá tó ti ń sùn láti kékeré mọ́. Bó bá ki orí bọ̀ ọ́, ìdí á há síta, á sì máa ké títí Oleta Stamper tó ni ín á fi jáde wá fà á lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn. Wọ́n ní lọ́jọ́ kan tó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, awakọ̀ kan rò pé ọmọ màlúù ló já, ló bá sọ̀kalẹ̀, ó ń wá olówó ẹran kiri. Mi ò sí níbẹ̀ o, àmọ́ ẹni tó sọ fún mi kì í purọ́ kọjá bó ṣe yẹ.

Ìyanu ibẹ̀ ni pé Oleta yìí gan-an ni olùkọ́ oúnjẹ àfonífojì náà. Òun ni ìjọba ìbílẹ̀ gbà síṣẹ́ pé kó máa kọ́ tọmọdé tàgbà bí èèyàn ṣe ń jẹun kí ara fi le. Ṣé ó yẹ kí ajá olùkọ́ oúnjẹ sanra bíi àpò ọ̀dùnkún? Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọjá lọ.

Apá òkè àfonífojì Lick Fork ni wọ́n bí Oleta sí, láàárín àwọn òkè Kẹntọ́kì tó ga débi pé oòrùn kì í yọjú wo ilé wọn kó tó di ìyálẹ̀ta, tí ó sì máa ń sá lọ kí àwọn adìyẹ tó ṣe tán láti wọlé sùn. Bàbá rẹ̀ ń wa èédú. Ìyá rẹ̀ ní agolo kan tí kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, inú rẹ̀ ni wọ́n máa ń da ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tó bá yọ́ láàárọ̀ sí. Inú agolo yẹn ni wọ́n ti ń bù sí ẹ̀wà, sí ẹ̀fọ́, sí ọ̀dùnkún, sí búrẹ́dì àgbàdo. Bí ilẹ̀kùn bá ń han, wọ́n á fi kùn ún. Bí àyà bá ń dun ọmọ, wọ́n á fi pa á.

Àwọn ará ibẹ̀ kì í ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ẹran. Bí o bá bi wọ́n pé ṣé ẹran wà nínú ẹ̀wà yìí, wọ́n á fi gbogbo ọkàn dá ọ lóhùn pé, "Rárá o, ẹ̀wà lásán ni, a kàn fi ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ díẹ̀ sè é kó lè dùn ni." Ẹran tí wọ́n bá sì ti yọ kúrò nínú ìkòkò kí oúnjẹ tó dé orí tábìlì, kò sí níbẹ̀ rí nìyẹn. Bí àwọn bàbá wọn ṣe gbà nìyẹn, bí àwọn náà ṣe gbà nìyẹn.

Àtọ̀gbẹ gé ẹsẹ̀ ìyá Oleta, ó gé ọ̀tún, ó padà wá gé òsì. Ọkọ Oleta alára, Hobart, kò pé àádọ́ta ọdún tó fi ṣubú lórí àga ìjẹun, tí ṣíbí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n sin Hobart ni Oleta da agolo ọ̀rá náà nù sẹ́yìn ilé. Nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ wá ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ìdílé nípa oúnjẹ, òun ló kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn. Wọ́n fún un ní ẹ̀kọ́, ó gbà á bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń gba òjò. Àwọn tó kọ́ ọ rò pé àtùpà ni àwọn tàn, wọn ò mọ̀ pé igbó ni àwọn ti iná bọ̀.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni kíláàsì rẹ̀, nínú gbọ̀ngàn tó wà lábẹ́ ilé ìjọ Onítẹ̀bọmi. Á da ṣúgà inú ìgò mìnírà kan sínú ife, kí àwọn ọmọdé fi ojú ara wọn rí bó ṣe pọ̀ tó. Á ní kí àwọn ìyá ọlọ́mọ yí itẹ́ òkú ìjọ po kí ẹsẹ̀ wọn lè nà. Á ní kí àwọn arúgbó jókòó sórí àga, kí wọ́n máa gbé apá sókè sódò bíi ẹyẹ tó fẹ́ fò. Ní ìparí, gbogbo wọn á jẹ oúnjẹ tí òun alára sè.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó se ẹ̀wà bí ìwé ṣe wí: kò sí ẹlẹ́dẹ̀, kò sí iyọ̀, àlùbọ́sà àti aáyù nìkan. Àwọn èèyàn fi ṣíbí kan sẹ́nu, wọ́n wo ara wọn.

"Oleta," ni Vada Sizemore wí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń sáré láìwọ bàtà, "àìsàn wo ló pa ẹ̀wà yìí?"

"Vada, má bá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Jẹ oúnjẹ rẹ."

"Mo kàn ń béèrè ni. Itẹ́ òkú ṣáà wà lókè níbí, ká tètè sin ín kó tó máa rùn."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Oleta náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín yẹn kò dé ọ̀fun rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, àwọn tó wá kò tó ìka ọwọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn sì sùn lọ.

Ló bá di òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kẹta. Oleta dúró ní ilé ìdáná rẹ̀, ó ń wo ìkòkò ẹ̀wà. Ó ní bí wọn ò bá wá, ta ni yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ ṣúgà? Ta ni yóò rìn yí itẹ́ òkú po? Ẹ̀kọ́ ni ohun tó ṣe pàtàkì, ẹ̀wà kàn jẹ́ ìjẹ tí a fi ń pe ẹja ni. Ó mú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ kan tó tóbi tó Bíbélì àpò, ó jù ú sínú ìkòkò. Nígbà tó jinná, ó yọ ọ́, ó sọ ọ́ sí Díákónì lábẹ́ fàràndá. Ó wo inú ìkòkò: ẹ̀wà nìkan ló rí. Ọkàn rẹ̀ ní, "Ṣé o rí i? Kò sí ẹran níbẹ̀." Ẹ̀jẹ̀ àwọn bàbá rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọdé lá àwo. Vada gan-an bu ẹ̀ẹ̀kejì.

"Kí lo fi sè é?" ni ó ń béèrè.

"Àlùbọ́sà, aáyù, àti sùúrù."

Wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ti Oleta, irọ́ ló pa á. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti àfonífojì mẹ́ta. Ìwé ìròyìn ìlú ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí ńlá lọ́wọ́. Àwọn ìyàwó kékeré, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, gbìyànjú rẹ̀ nílé, wọ́n fi àlùbọ́sà, wọ́n fi aáyù, wọ́n fi sùúrù títí sùúrù fi tán, kò dùn bẹ́ẹ̀. Wọ́n á wá bá a, wọ́n á ní, "Àǹtí Oleta, ọwọ́ tèmi ni kò dáa." Oleta á fọwọ́ bà wọ́n léjìká, á ní kí wọ́n má bọkàn jẹ́. Nígbà tí wọ́n bá yí ẹ̀yìn, ohun kan á gún un láyà bí egungun ẹja. Á mu omi lé e.

Ẹni tó gbà á gbọ́ jù ni Denzil Napier. Awakùsà tó ti fẹ̀yìn tì ni Denzil, opó ni, òun ló ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin, ohùn rẹ̀ sì máa ń mi gíláàsì fèrèsé ìjọ. Àwọn kan ní ó ti fọ́ ọ̀kan rí. Lẹ́yìn Àjíǹde, dókítà sọ fún un pé ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, pé bó bá fẹ́ rí àkókò Kérésìmesì, kó má fẹnu kan iyọ̀ mọ́. Denzil ní tòmátì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, kò fẹ́ kú kó tó pọ́n. Ó gbé itan ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ tó wà nílé rẹ̀ fún aládùúgbò, ó kó iyọ̀ dànù, ó sì wá jókòó sí àga iwájú ní kíláàsì Oleta bí ọmọ iléèwé.

"Sístà Oleta," á sọ bẹ́ẹ̀, "ẹ̀wà rẹ nìkan ni oúnjẹ tí kò bẹ̀rù dókítà tó sì dùn. Ọlọ́run ló rán ọ sí mi."

Ó ní abọ́ búlúù kan tó ní ìdérí, ti ìyàwó rẹ̀ tó kú ni. Ó máa ń gbé e wá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Oleta á kún un dé ẹnu, nítorí pé àánú opó ń ṣe é, nítorí pé ìyìn Denzil dùn mọ́ ọn. Ohun tó wà nínú abọ́ yẹn ni Denzil máa ń jẹ títí ìparí ọ̀sẹ̀.

Ó wá di Ọjọ́bọ̀ kan nínú ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìkòkò wà lórí iná, ẹran ṣì wà nínú rẹ̀, Díákónì sì ti jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn tó ń retí ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ kan dúró níta. Twila ló wọlé, ọmọ Denzil, tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Ohio lódìkejì odò. Oleta ló kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi nígbà tó wà ní kékeré. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Àǹtí Oleta, ẹ má bínú, mi ò ránṣẹ́ kí n tó wá."

"Jókòó, ọmọ mi. Kí ló dé?"

"Dádì ni. Omi ti gbá jọ sí i lẹ́sẹ̀ dé orúnkún. Bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́. Tó bá dùbúlẹ̀, kò lè mí dáadáa. Dókítà ní iyọ̀ ló ń jẹ, pé kò sí ohun mìíràn. Mo bi í, ó ní òun ò fẹnu kan iyọ̀ láti Àjíǹde. Àǹtí, mo tú gbogbo ilé. Mo wo abẹ́ ibùsùn. Mo wo inú bàtà. Mo tilẹ̀ lọ bá aládùúgbò jà pé òun ló ń fún un ní ẹran."

"O rí nǹkan kan?"

"Ẹ̀wà yín nìkan ló wà níbẹ̀." Twila nu imú. "Mo sọ fún un pé irọ́ ló ń pa fún mi. Mo pe bàbá mi ní òpùrọ́, níṣojú rẹ̀. Ó sunkún, Àǹtí. Nígbà tí Mámà kú, mi ò rí i kó sunkún."

Oleta kò lè gbé ojú sókè. Ìkòkò ń hó lẹ́yìn rẹ̀, ìdérí ń mì, ó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ bíi pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Mo máa gbé e lọ sí Ohio lọ́jọ́ Àbámẹ́ta," ni Twila wí. "Mo mọ̀ pé kò fẹ́. Ó ní òun ò fẹ́ kú síbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Àmọ́ ẹni tó ń purọ́ lórí ẹ̀mí ara rẹ̀, ṣé ó lè dá gbé? Ohun tí mo bá wá ni pé ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yín. Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀ lónìí ní kíláàsì. Ẹ ní kó jẹ́wọ́. Bó bá jẹ́wọ́, màá lè fọkàn tán an, ó lè máa gbé ilé rẹ̀."

"Màá sọ̀rọ̀," ni Oleta wí.

"Ẹ ṣé o." Twila dìde, ó sì fa imú. "Òórùn oúnjẹ yín dùn o, Àǹtí. Ìyẹn ni Dádì máa ń sọ."

Nígbà tó lọ tán, Oleta ṣí ìkòkò. Ẹran náà ń léfòó láàárín ẹ̀wà, ó funfun, ó ń dán, kò fara pa mọ́. Ó rántí bó ṣe máa ń fi ọwọ́ tẹ ẹ̀wà nínú abọ́ búlúù yẹn kó lè gba díẹ̀ sí i. Ọwọ́ yìí náà ni. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó sì fi í pa mọ́ sínú aṣọ ìdáná bíi pé ẹnìkan ń wò ó.

Ẹ̀rù kò pẹ́ kó tó mú ìmọ̀ràn wá. Ó lè da ti òní nù. Láti òní lọ, kó máa se ẹ̀wà tòótọ́, kó ní ẹ̀wà ti gbówó lórí, pé èyí tí kò dára tó ni òun ń rà ni kò fi dùn mọ́. Wíwú ẹsẹ̀ Denzil á fà, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n inú ilé ọmọ rẹ̀ ní Ohio ni ẹsẹ̀ náà yóò ti fà, òpùrọ́ ni yóò sì máa jẹ́ níbẹ̀ títí yóò fi kú. Díákónì fi imú gbá a lórúnkún. Oleta dé ìkòkò náà pẹ̀lú ẹran inú rẹ̀, ó gbé e sínú ọkọ̀.

Gbọ̀ngàn ti kún nígbà tó dé. Denzil wà lórí àga iwájú, bàtà ilé ló wọ̀, ó ti fi ọ̀bẹ la ẹ̀gbẹ́ bàtà náà kí ẹsẹ̀ lè wọlé. Abọ́ búlúù wà lórí itan rẹ̀. Twila dúró sí ẹ̀yìn, ó ká apá mọ́ àyà.

"Sístà Oleta!" ni Denzil kígbe. "Wọ́n fẹ́ gbé mi lọ Ohio o. Kún abọ́ yìí dáadáa, kí n lè rí nǹkan fi rántí ilé."

"Ẹ mú mi dání, Brọ́dà Denzil," ni Vada wí. "Mo gbọ́ pé àwọn opó ọkùnrin tó wà níbẹ̀ pọ̀ bí eṣú."

"Ìwọ? Wọn ò ní gbà ọ́ kọjá odò."

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín nígbà tí Oleta gbé ìkòkò sórí tábìlì. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó mú àwo funfun kan, ó ki ṣíbí ńlá sínú ẹ̀wà, ó gbé ẹran náà jáde, ó gbé e lé àwo, omi ẹ̀wà ń ro tótó lára rẹ̀.

"Ẹran nìyẹn!" ni ọmọbìnrin kékeré kan wí. Ìyá rẹ̀ fọwọ́ bò ó lẹ́nu.

"Brọ́dà Denzil ò purọ́," ni Oleta wí. Ohùn rẹ̀ kéré, àmọ́ ó dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. "Kò jẹ iyọ̀ nílé. Ọwọ́ mi ló ti jẹ ẹ́. Inú ẹ̀wà mi ni iyọ̀ náà wà."

Vada tètè dìde. "Ti òní ni! Àbí ti òní nìkan kọ́, Oleta? Ó ṣèèṣì ni."

"Láti ọ̀sẹ̀ kẹta ni, Vada. Gbogbo Ọjọ́bọ̀."

Ìyá arúgbó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri na ọwọ́ sókè. "Àmọ́ o máa ń yọ ọ́ kúrò kí o tó gbé e wá, àbí? Mi ò rí i níbí rí."

"Mo máa ń yọ ọ́, Mà."

"Tóò. Nígbà tí o ti yọ ọ́, kò sí ẹran níbẹ̀ nìyẹn."

Àwọn orí kan ń mì, wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan ní, "Ọ̀rọ̀ ti Mà yẹn ni." Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú Oleta, àwọn èèyàn rẹ̀ ló ṣí i, ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣí i. Bó bá kàn mi orí pẹ̀lú wọn, ó ti bọ́.

"Ẹran ló jáde, Mà," ni ó wí. "Iyọ̀ kì í bá a jáde. Mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n kọ́ mi, mo sì kọ́ yín. Ẹ̀yin ìyàwó kékeré, ọwọ́ yín dáa. Èmi ni mo tàn yín. Mo fẹ́ kí ẹ máa wá, mo sì fẹ́ràn bí ẹ ṣe ń yìn mí."

"Ajá yẹn!" ni Vada pariwo lójijì, ó sì fọwọ́ lé ẹnu. Lọ́jọ́ mìíràn, wọn ì bá ti rẹ́rìn-ín títí ògiri á fi là. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Denzil wo ẹran inú àwo. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wá yí ọrùn díẹ̀díẹ̀ sẹ́yìn.

"Twila. Ṣé mo purọ́ fún ọ?"

"Rárá, Dádì."

"Sọ ọ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́."

"Bàbá mi ò purọ́," ni Twila wí, omijé sì dà lójú rẹ̀.

Denzil mi orí. Ó dìde, ó gbé abọ́ búlúù náà sórí tábìlì lófìfo, ó dé e, ó sì jáde lọ, bàtà ilé rẹ̀ ń dún pá, pá, lórí àtẹ̀gùn. Kò wo Oleta. Ì bá bú u, ì bá sàn. Ohùn tó lè fọ́ gíláàsì yẹn, kò fi ẹyọ kan ta á lọ́rẹ.

Oleta fúnra rẹ̀ lọ sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n bá a wí gidi gan-an, àmọ́ wọn ò lé e. Wọ́n ní láti ìgbà náà, inú gbọ̀ngàn ni kó ti máa se oúnjẹ, lójú gbogbo èèyàn. Twila nìkan ló padà sí Ohio. Nígbà tí tòmátì pọ́n, ẹsẹ̀ Denzil ti fà, ó ti wọ bàtà. Díákónì náà fà, torí kò rí ẹran jẹ mọ́. Ó dọ́gbọ́n wọ abẹ́ fàràndá, kò sì bá Oleta ṣeré fún ìgbà pípẹ́.

Kíláàsì kọ́kọ́ dín kù, ó sì tún kún díẹ̀díẹ̀. Wọ́n jọ ń wá adùn ẹ̀wà ni báyìí: Vada mú ata sísun wá, àwọn ìyàwó kékeré mú ewé olóòórùn àti ọtí kíkan wá. Ẹ̀wà náà kò dà bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Àmọ́ ó ṣeé jẹ, kò sì pa ẹnikẹ́ni.

Ìgbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ni Denzil padà wá. Ó wá tààrà sídìí ìkòkò.

"Sístà Oleta, jọ̀ọ́, fún mi ní ṣíbí yẹn."

Ó gbà á, ó ti í dé ìsàlẹ̀ ìkòkò, ó rò ó yí po, ó gbé e sókè, ó wò ó. Kò bínú. Ó ń ṣe é bí ẹni tó ń wo ẹnu ihò èédú kó tó wọlé. "Ó dáa. Bù fún mi," ni ó wí. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún rò ó. Kò pẹ́, ìyá arúgbó ẹ̀gbẹ́ ògiri náà ń rò ó, àwọn ìyàwó kékeré ń rò ó, àwọn ọmọdé ń fi ìka ẹsẹ̀ dúró kí wọ́n lè yọjú wo inú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń fi ọ̀wọ̀ ṣe é ni. Oleta á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, á ká ọwọ́ sínú aṣọ ìdáná, ojú á máa tì í bíi pé ọjọ́ tó jẹ́wọ́ náà ni, á sì máa dúró títí ẹni ìkẹyìn á fi wò ó tán.

Abọ́ búlúù náà, Oleta fọ̀ ọ́. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló máa ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, níbi tí Denzil yóò ti rí i. Denzil á rí i. Á gba àwo tirẹ̀, á kí i, á lọ jókòó, á jẹun tán níbẹ̀, á sì relé lọ́wọ́ òfo. Abọ́ á ṣì wà lórí tábìlì, ó mọ́, ó gbẹ, ìdérí rẹ̀ wà lórí rẹ̀.